Kí Ẹ Tó Dá Sípíkà Lẹ́bi: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Ẹ̀rọ Orin Ló Yí Padà Tàbí Ẹ̀yin Ni

Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ jókòó ní pálọ̀, ẹ fi orin sí i, orí yín wú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé, orin kan náà, ẹ̀rọ kan náà, wáyà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, ó wá dà bíi pé wọ́n fi aṣọ bo sípíkà lójú. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé a ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ́tìnnì kiri. A ó fi béèsì (ohùn ìsàlẹ̀) kún un, a ó dín tírẹ́bù (ohùn òkè) kù, tó bá di òpin oṣù a ó máa wá owó sípíkà tuntun. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀rọ nìkan la pè lẹ́jọ́. A ò pe etí, a ò pe ara, a ò sì pe ọkàn.

Ní tèmi o, etí àti ọkàn ẹni tó ń gbọ́ orin ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí pé àyẹ̀wò wọn kò náni ní kọ́bọ̀. Ohun tí ẹ máa nílò kò ju orin kan tí ẹ mọ̀ dunjú, tépù bébà díẹ̀, bírò, ìwé kékeré kan àti fóònù yín lọ.

1. Ẹ yan orin kan ṣe òṣùwọ̀n

Ẹ má mú orin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Èyí tí ẹ ti ń gbọ́ láti ọdún pípẹ́, tí ẹ lè kọ láìsí ẹ̀rọ, ni kí ẹ mú. Bí ẹ bá fẹ́ràn àpàlà, iṣẹ́ ti rọrùn fún yín: ohùn ìsàlẹ̀ wà lára agídìgbo, ohùn òkè wà lára ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ohùn olórin sì wà láàárín. Jùjú náà dára. Gìtá béèsì ń lọ nísàlẹ̀, gángan ń fọhùn, àwọn elégbè wà lẹ́yìn. Orin tó ní gángan nínú ni mo fara mọ́ jù, nítorí pé ìlù yẹn ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí onílù bá sì ń ki èèyàn, etí tó gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tó ń wí. Bó bá ti di gbù-gbù-gbù lásán, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀, yálà sí ẹ̀rọ tàbí sí yín.

Ẹ dúró de ọjọ́ tí ara yín yá gágá. Ẹ gbọ́ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ gbọ́ sílẹ̀. Ibo ni olórin dúró sí láàárín sípíkà méjèèjì? Elégbè mélòó ni ẹ lè yà sọ́tọ̀? Ṣé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dún wínníwínní, àbí ó ń ha etí? Kí ni gángan ń sọ níbi tí olórin ti sinmi? Ẹ má wulẹ̀ kọ pé ó dùn, torí ìyẹn kò ní ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá padà wá ka ìwé náà. Ọ̀pọ̀ àwo àtijọ́ jẹ́ móńò, ohùn kan náà ló ń jáde nínú sípíkà méjèèjì, nítorí náà àárín gbùngbùn ló yẹ kí ẹ ti máa gbọ́ olórin. Irú wọn dára gan-an fún àyẹ̀wò.

Kí orin náà sì máa ti ibì kan náà wá nígbà gbogbo. Èyí tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí wọ́n ti fún mọ́ra lọ́nà, kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tó wà lórí síídì.

2. Ẹ fi àmì sí ibi tí fólúùmù yóò máa wà

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù. Lọ́dún 1933, Harvey Fletcher àti Wilden Munson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Bell Labs ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé etí ènìyàn kì í gbọ́ gbogbo ohùn bákan náà. Bí orin bá lọ sílẹ̀, béèsì ló kọ́kọ́ máa ń sá mọ́ etí lọ́wọ́, ohùn òkè pátápátá náà á sì dín kù díẹ̀. Bí orin bá tún lọ sókè, béèsì á padà dé. Sípíkà kò ṣe nǹkan kan o. Bí wọ́n ṣe dá etí nìyẹn.

Ẹ wá wo ọ̀nà tí ọkàn ń gbà wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó ti rẹ̀, tí orí ń fọ́, kò ní fẹ́ ariwo. Á fi fólúùmù sísàlẹ̀, béèsì á sá lọ, orin á gbẹ, á sì ní sípíkà òun ti ń kú lọ. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ san gbèsè ọdún mẹ́ta fún á yí i sókè, béèsì á kún pálọ̀, á ní kò sí irú ẹ̀rọ òun ní gbogbo àdúgbò. Ibi tí ọwọ́ yí bọ́tìnnì dé ló yàtọ̀, bí inú ṣe rí ló sì darí ọwọ́.

Nítorí náà, ẹ jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó sí. Ẹ gba áápù tó ń wọn ariwo sórí fóònù, kí ẹ yí fólúùmù títí tí áápù yóò fi máa ka nǹkan bíi 70 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì níbi tí orin ti ń lọ déédéé. Fóònù kì í ṣe irinṣẹ́ ilé ìwádìí, àmọ́ ẹ ò wá nọ́ńbà tó péye. Kí ti òní ṣáà ti bá ti àná mu ni. Ẹ lẹ tépù bébà mọ́ ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì, ẹ fi bírò fa ilà sí i. Bí ẹ̀rọ yín bá ń fi nọ́ńbà hàn lójú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ Bluetooth ni ẹ ń lò, fólúùmù méjì ló wà níbẹ̀, ti fóònù àti ti ẹ̀rọ. Ẹ fi ti fóònù sójú kan tí kò ní yẹ̀, kí ẹ máa fi ti ẹ̀rọ ṣe ìwọ̀n.

Tí ẹ bá ń gbádùn ara yín lásán, ẹ yí i bó ṣe wù yín. Àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ dájọ́, orí ilà yẹn ni. Bí fólúùmù bá fi díẹ̀ bíńtín ga ju ti tẹ́lẹ̀, tí etí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ga, ó ti tó fún ènìyàn láti búra pé èyí dùn ju ìyẹn lọ. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ mọ èyí ju àwa tó ń rà lọ.

Bí ẹ̀rọ yín bá ní bọ́tìnnì tí wọ́n kọ Loudness sí, ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é nìyẹn: ó ń dá béèsì padà nígbà tí fólúùmù bá wà nísàlẹ̀. Alẹ́ tó rẹ̀ yín ló wà fún. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ àríyá, béèsì á bo olórin mọ́lẹ̀.

3. Ẹ bi ara yín léèrè kí ẹ tó bi ẹ̀rọ

Etí ló kọ́kọ́ kàn. Ibo ni etí yín wà láti àárọ̀? Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà níbi ìnáwó, ẹni tó dúró ti ẹ̀rọ ìlọta lọ́jà, ẹni tí dánfó gbé kiri títí di ìrọ̀lẹ́, etí rẹ̀ ti kú díẹ̀ kó tó délé. Ó lè gba wákàtí mélòó kan, nígbà mìíràn títí di ọjọ́ kejì, kó tó bọ̀ sípò. Ohùn òkè ló máa ń sọnù jù láàárín àkókò náà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò ní dán mọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu olórin kò ní já gaara. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fi tírẹ́bù kún un rárá. Ẹ pa á, ẹ lọ sùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé 80 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni àgbàlagbà lè máa gbọ́ láìséwu. Òde ìnáwó tiwa kì í dúró síbẹ̀ o.

Ọ̀fìnkìn ńkọ́? Ó máa ń dí ọ̀nà tóóró tó so ẹ̀yìn imú mọ́ etí, gbogbo nǹkan á wá máa dún bíi pé ó wà ní ilé kejì. Oògùn ibà kan wà náà, kuiníìnì, tó máa ń mú kí etí hó. Aspirin tó bá pọ̀ jù lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó kọ oògùn náà fún yín, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ sípíkà sílẹ̀ títí ara yóò fi mókun. Bí etí bá ń hó lọ́pọ̀ ọjọ́ láìsí ìdí, ọ̀dọ̀ dókítà etí ni kí ẹ lọ. Igi òwú tí ẹ ń kì bọ̀ ọ́ ń ti ìdọ̀tí sínú sí i ni.

Lẹ́yìn etí ló kan ọkàn. Inú dídùn ní ń mórí yá, ẹni tí inú ń bí kì í sì í gbọ́ orin, ariwo ló ń gbọ́. Ẹni tó ti lo wákàtí mẹ́ta nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Ọ̀ṣódì dé Ìkòròdú, tí ebi ń pa, tí ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ọmọ ń jẹ lọ́kàn, kò lè mọ̀ bóyá elégbè mẹ́rin ló ń gbè tàbí mẹ́fà. Ọkàn rẹ̀ kò sí nílé.

Ẹ wẹ̀. Ẹ jẹun, àmọ́ kó má jẹ́ iyán àjẹyó, nítorí oorun ló máa tẹ̀lé e. Ẹ pa ohùn ìpè fóònù, tàbí kí ẹ gbé e sí yàrá mìíràn bí kì í bá ṣe òun ni orin ń ti jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìtan ẹ̀rọ rárá. Àwọn tí ẹ bá sọ fún á rẹ́rìn-ín: ta ló ń jókòó síwájú ẹ̀rọ orin tí kò tan? Àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ mú ìgbésẹ̀ kan péré nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí ni kí ẹ mú.

Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ kọ déètì, aago, àti bí ara yín ṣe rí sínú ìwé kékeré yẹn: ó rẹ̀ mí, ara mi yá, inú ń bí mi, oorun ń kùn mí. Lẹ́yìn orin, ẹ kọ ohun tí ẹ gbọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí oṣù kan bá fi máa parí, ẹ̀yin fúnra yín á rí i bóyá gbogbo ọjọ́ tí ẹ kọ pé orin ń ha etí náà ni ọjọ́ tí ẹ kọ pé inú ń bí yín.

4. Ẹ jẹ́ kí ilé dákẹ́

Jẹnẹrétọ̀ ń kùn nísàlẹ̀, béèsì orin náà ń lọ nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì á wá máa du àyè. Jẹnẹrétọ̀ ló máa borí. Ẹni tó ń gbọ́ orin á fi béèsì kún un títí á fi gbọ́ ọ, ìyẹn ò tíì burú. Ìgbà tí iná NEPA bá dé lẹ̀ ń gbọ́ wàhálà. Jẹnẹrétọ̀ á dákẹ́, béèsì tí ẹ ti dì kún un á bẹ̀rẹ̀ sí í mi fèrèsé, orin á wúwo, orí á máa fọ́ yín, inú yín á sì bàjẹ́ láìmọ ohun tó fà á. Fáànù òkè àjà ń ṣe irú ẹ̀ sí ohùn òkè, ariwo atẹ́gùn rẹ̀ ń bo ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Inú ìdákẹ́jẹ́ nìkan ni kí ẹ ti máa to béèsì àti tírẹ́bù. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ bá lè gbọ́, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ tún ṣọ́ ínfátà: èyí tí kì í bá ṣe pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń lọ geere, lè mú kí ańpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn orin ga fún sípíkà, máa kùn. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi yín, kì í sì í ṣe ti sípíkà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sọ pé ẹ̀rọ wọn ń dùn jù láago mọ́kànlá alẹ́, wọ́n á ní iná ló mọ́ jù nígbà yẹn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, nítorí iná kì í tó ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ilé ń lò ó. Àmọ́ ẹ ka àwọn nǹkan yòókù mọ́ ọn: jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti kú, àwọn ọmọ ti sùn, ẹnikẹ́ni kò retí nǹkan kan lọ́wọ́ yín mọ́, ara ti wálẹ̀.

5. Ẹ ya àrùn ẹ̀rọ sọ́tọ̀ kúrò lára tiyín

Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ kò mọ ọjọ́ ayọ̀ yàtọ̀ sí ọjọ́ ìbànújẹ́. Bí ańpù bá ń kùn, á kùn lọ́jọ́ ìkómọ, á sì kùn lọ́jọ́ tí ẹ bá níjà nílé. Bí bọ́tìnnì fólúùmù bá ń dún kàràkàrà tí ẹ bá ti yí i, bí sípíkà kan bá dákẹ́, bí nǹkan bá ń gbọ̀n jìgìjìgì nínú àpótí sípíkà níbi orin kan náà nígbà gbogbo, ẹ̀rọ ló ni ẹjọ́ náà. Àléjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á gbọ́ ọ, kò nílò kẹ́ ẹ sọ fún un.

Bó bá jẹ́ pé béèsì kò sí, tí ẹ kò sì rí ibi tí olórin dúró sí rárá, ó ṣeé ṣe kí wáyà sípíkà kan ti yí sódì, tí pupa wà níbi dúdú. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ wo ẹ̀yìn ańpù àti ẹ̀yìn sípíkà méjèèjì. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló ń ṣe àìsàn, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ pààrọ̀ sípíkà ọ̀tún sí wáyà òsì, ti òsì sí ọ̀tún, kí ẹ tún un tàn. Bí àìsàn náà bá tẹ̀lé sípíkà lọ, sípíkà ni. Bó bá dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ańpù tàbí wáyà ni.

Àmọ́ bó bá jẹ́ ohun tí ẹ ní lẹ́nu ni pé kò ládùn, pé ó ti sú yín, pé ó ń ha etí lánàá, ó ṣe déédéé lónìí, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹta. Kí ẹ gbọ́ orin òṣùwọ̀n lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, lórí ilà fólúùmù yẹn, kó tó di pé ẹ sọ pé ẹ̀rọ ló ni ín. Ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ sinmi dáadáa ni mo ń wí.

6. Ẹ bẹ ẹni tí kò mọ ohun tí ẹ ń wá

Bí ẹ bá ra wáyà tuntun tí ẹ sì gbọ́ pé orin ti yàtọ̀, ẹ má tíì yọ̀. Owó tí ẹ ná ń fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyàtọ̀. Ẹ ní kí àbúrò yín tàbí ọmọ yín máa pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, nígbà mìíràn kó ṣe bíi pé òun pààrọ̀ rẹ̀ kó má pààrọ̀ rẹ̀, kó sì máa kọ èyí tó lò sílẹ̀. Fólúùmù kò gbọdọ̀ yẹ̀. Bí ẹ kò bá lè sọ èyí tó ń ṣiṣẹ́, ẹ mọ ohun tí ẹ rà nìyẹn. Ẹ sọ fún ọmọ náà tẹ́lẹ̀ kó má rẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rín rẹ̀ á tú àṣírí.

7. Ẹ yan orin tó bá ìgbà mu

Dókítà kan wà ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1940, Ira Altshuler, tó ń fi orin tọ́jú àwọn aláìsàn ọpọlọ. Ohun tó ṣe ni pé orin tó bá bí inú aláìsàn ṣe rí mu ló kọ́kọ́ máa ń lò, kó tó wá máa yí i díẹ̀díẹ̀ lọ síbi tó fẹ́ kí inú náà dé. Àwọn tó ń fi orin tọ́jú èèyàn ṣì ń lò ó títí dòní. Ẹ lè ṣe é nílé. Bó bá rẹ̀ yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fújì tó gbóná. Ẹ mú ohun jẹ́ẹ́jẹ́ kan, sákárà tàbí àpàlà tó ń rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kó gbé yín fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ bọ́ sí jùjú. Bí ara bá béèrè fún fújì nígbà yẹn, ó yá.

Àwọn tó ní àwo àtijọ́ ní àǹfààní kan níbí. Ọ̀pọ̀ àwo jùjú àti fújì ló jẹ́ pé ojú kan odindi, nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, jẹ́ orin kan tó so mọ́ra. Kò sí bọ́tìnnì tí ẹ máa tẹ̀ láti fò ó. Ẹni tí inú rẹ̀ kò lélẹ̀ á fò orin mẹ́wàá lórí fóònù láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, á ní kò sí èyí tó dùn níbẹ̀. Àwo á fipá mú un jókòó.

Ohun kan tí mo di mú ṣinṣin ni pé ẹ má fi orin òṣùwọ̀n yín wo ìbànújẹ́. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí nǹkan le, tó bá yá kò ní lè wọn ẹ̀rọ mọ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà lá máa rán yín létí.

8. Àwọn ará ilé

Inú ẹni kan ṣoṣo kọ́ ló wà ní pálọ̀. Bí bàbá bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn, tí ìyàwó ń ṣírò owó ọjà, tí ọmọ ń ka ìwé ìdánwò, orin tó dára jù láyé á di ìjà. Ẹ bi wọ́n: «Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti gbọ́ ìròyìn tán? Mo fẹ́ fi orin sí i fún ìgbà díẹ̀.» Ojú tó bá le síni nígbà tí orin ń lọ máa ń bá orin náà wọ etí.

9. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ owó

Ẹ má ra ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí inú ń bí yín sí ti ilé, ẹ má sì rà á lọ́jọ́ tí owó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ní ọjà Alábà, ní Òjó, ariwo ṣọ́ọ̀bù kan á máa bo ti èkejì, ẹni tó ń tà ló máa yan orin, òun náà ló máa yí béèsì sókè, ara yín sì ti gbóná láti ojú ọ̀nà. Ẹ gbé orin òṣùwọ̀n yín dání. Ẹ ní kó fi béèsì àti tírẹ́bù sí àárín, kó dín fólúùmù kù dé ibi tí ẹ ti lè bá a sọ̀rọ̀ láìpariwo. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀: ti Amẹ́ríkà 120 fóltì ló ń lò, ti Japan 100, iná tiwa sì jẹ́ 230.

Kí ẹ tó lọ síbẹ̀ rárá, ẹ kọ́kọ́ gbé sípíkà kúrò ní igun ògiri, kí béèsì má baà máa wú. Ẹ jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín sípíkà méjèèjì dọ́gba pẹ̀lú èyí tó wà láti ọ̀dọ̀ wọn dé ibi ìjókòó yín, kí ibi tí ohùn òkè ti ń jáde sì bá etí yín dọ́gba. Pálọ̀ tó jẹ́ táìlì nísàlẹ̀ àti ògiri lásán yíká máa ń gba ohùn sọ síbí sọ́hùn-ún; káápẹ́ẹ̀tì kan àti kọ́tìnnì tó nípọn á tù ú lára. Àìsàn kan wà tí ìyẹn máa ń wò tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí, ohùn tó máa ń rẹ̀ ènìyàn lẹ́yìn wákàtí kan láìmọ̀dí.

Bí ọjọ́ mẹ́ta bá sì pé, tí ara yín yá, tí ilé dákẹ́, tí fólúùmù wà lórí ilà, tí gángan kò sì sọ̀rọ̀ síbẹ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe. Ẹ mú ìwé kékeré yẹn dání, kẹ́ ẹ lè sọ fún un pé sípíkà òsì ni, ibi ohùn òkè ni, láti ọjọ́ báyìí ni, kó má baà tú gbogbo inú rẹ̀ kalẹ̀ kó tó mọ ibi tó máa bẹ̀rẹ̀.